Obìnrin, Ilẹ̀ àti Epo Rọ̀bì Nínú Ìtàn Àròsọ

Àwọn òǹkàwé máa ń bi àwa lámèyítọ́ bóyá gbogbo ìtàn àròsọ tí obìnrin àti igi bá ti jọ wà nínú rẹ̀ ni a lè pè ní ecofeminism, ìyẹn èrò tí ó so ìjà fún ẹ̀tọ́ obìnrin pọ̀ mọ́ ìjà fún ilẹ̀ àti àyíká. Rárá o. Françoise d'Eaubonne, òǹkọ̀wé ará Faransé tí ó lo orúkọ yìí nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1974, gbà pé agbára kan náà tí ó sọ obìnrin di ohun ìní ọkùnrin ni ó sọ ilẹ̀ di ohun ìlòkulò. Okùn tí ó so ìyà méjèèjì pọ̀ ni a ń wá.

Ìwé tí mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ ni Yellow-Yellow, tí Kaine Agary kọ ní ọdún 2006, tí ó sì gba ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ NLNG ní ọdún 2008. (Ẹ̀bùn ilé-iṣẹ́ gáàsì fún ìwé tí ó ń ráhùn epo, ẹ ò rí ayé!) Ní abúlé kan ní Niger Delta, ọ̀pá epo bẹ́, epo rọ̀bì sì dà bo oko ìyá Zilayefa, ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé lórí. Oko yìí ni ìyá náà, tí ó ń dá ọmọ tọ́, gbójú lé. Nígbà tí ilẹ̀ ti bàjẹ́, ọmọbìnrin náà forí lé Port Harcourt, níbi tí ó ti bọ́ sọ́wọ́ ọkùnrin olówó tí ó jù ú lọ dáadáa. Ẹ kíyè sí bàbá rẹ̀ pẹ̀lú: atukọ̀ ará Gíríìsì ni, ó fún ìyá rẹ̀ lóyún, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ilé-iṣẹ́ epo ṣe sí ilẹ̀ náà: wọ́n mú ohun tí wọ́n fẹ́, wọ́n sì fi ẹrù tó kù sílẹ̀ fún obìnrin láti rù. Agary kò wàásù rẹ̀ fún wa; ìgbésí ayé ọmọ kan ṣoṣo ni ó kó méjèèjì sí, ìdí nìyẹn tí mo fi ka ìwé náà sí.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún èrò pé àdámọ́ ni obìnrin fi sún mọ́ ilẹ̀ ju ọkùnrin lọ. Bina Agarwal, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ará Íńdíà, ta ko èyí ní ọdún 1992. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe àti ohun tí ó ní ni ó ń pinnu bí ìbàjẹ́ àyíká ṣe máa kàn án. Ẹni tí ó ń pọnmi ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ pé odò ti bàjẹ́. Ìyàwó olówó tí ó ní kànga ẹ̀rọ nílé lè má mọ̀ rárá. Nítorí náà, ẹ máa bèèrè ẹni tí ó ń ro oko inú ìtàn, ẹni tí ó ni ín, àti ẹni tí wọ́n pè jókòó nígbà tí wọ́n ń pín owó gbà-máà-bínú.

Ìbéèrè yìí wúlò fún How Beautiful We Were, tí Imbolo Mbue, ọmọ Kamẹrúùnù, gbé jáde ní ọdún 2021. Thula ni ó ṣáájú ìjà abúlé Kosawa pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ epo ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, àwọn ará ilé tí ó ń jà fún gan-an kò yé bèèrè ìdí tí kò fi lọ́kọ.