Ibi tí àríyànjiyàn lórí Electric Ladyland ti ṣẹ̀

Ẹnu àwọn olólùfẹ́ gìtá kò tíì kò rí lórí Electric Ladyland, àwo orin tí Jimi Hendrix, onígìtá ọmọ Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1968. Dárúkọ àwo náà láàárín wọn, kí o wá fetí sílẹ̀. Àwọn kan á ní láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi iná ta gìtá, kò tíì sí àwo tó jù ú lọ. Àwọn mìíràn á fèsì pé orin tó dára níbẹ̀ kò ju ohun tó lè kún àwo kan ṣoṣo lọ, pé ṣe ni Jimi Hendrix fẹ̀ ẹ́ títí ó fi di méjì. Ó gùn jù, ó rí wúruwùru, ojú kẹta nínú ojú mẹ́rin tí àwo méjì náà ní kò sì ní orí, kò ní ìdí. Ó ti lé ní 50 ọdún tí wọ́n ti ń fà á. Nígbà tí mo wo ìtàn bí àwo náà ṣe di odidi, ohun tí mo rí ni pé kì í ṣe àwa olùgbọ́ la dá ìjà yìí sílẹ̀. Inú yàrá tí wọ́n ti gba orin ọ̀hún sílẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, láàárín ẹni tó ni gìtá àti ẹni tó mú un jáde fáyé rí, kí ẹnikẹ́ni lóde tó gbọ́ nǹkan kan.

Ẹni tó mú un jáde ni Chas Chandler. Òun ló ń ta báàsì fún ẹgbẹ́ The Animals tẹ́lẹ̀. Ní 1966 ló rí Hendrix ní Cafe Wha? ní Greenwich Village, New York. Seattle ni wọ́n bí Hendrix sí, ní ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá ọdún 1942. Ó ti ṣe sójà, ó sì ti dúró lẹ́yìn àwọn olórin ńlá bíi Little Richard àti àwọn Isley Brothers, níbi tí iṣẹ́ onígìtá kò ti ju kó wọ aṣọ tí gbogbo ẹgbẹ́ wọ̀, kó ta ohun tí wọ́n ní kó ta, kó má sì gba ojú mọ́ ọ̀gá lọ́wọ́. Chandler gbé e lọ sí London ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn. Wọ́n rí Noel Redding, onígìtá tó gbà láti máa ta báàsì, àti Mitch Mitchell, onílù tí etí rẹ̀ kún fún jáàsì. Àwọn mẹ́ta yìí ló di The Jimi Hendrix Experience.

Òfin Chandler kò ṣòro. Kí orin má ju ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Kí ẹ ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe kí ẹ tó wọ sítúdíò, torí wákàtí sítúdíò, owó ni. Ọ̀nà yìí ló fi gbé àwo ńlá méjì jáde láàárín ọdún kan ṣoṣo, 1967: Are You Experienced àti Axis: Bold as Love. Mi ò lè bá àwọn tó ń fojú kéré Chandler lọ. Bí kò bá sí ọwọ́ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí Hendrix máa ta gìtá fún ọgọ́rin èèyàn lálẹ́ ní Greenwich Village fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i.

Orin tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ ṣáájú gbogbo ìyókù nínú Electric Ladyland, Burning of the Midnight Lamp, ìgbà yẹn ló ti wà. Ó ti jáde bí àwo kékeré nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967. Hendrix fúnra rẹ̀ ló tẹ hapsikọ́ọ̀dù inú rẹ̀, ohun èlò àtijọ́ tó jọ dùùrù, ó fi ohùn àwọn obìnrin Sweet Inspirations gbè é, ó sì lo pẹ́dà wah-wah, ẹ̀rọ tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ tí ohùn gìtá fi ń ṣí tó sì ń pa dé. Ẹni tó bá ti wo onídùndún bó ṣe ń fún ọṣán mọ́ra tó sì ń tú u sílẹ̀ kí ìlù lè sọ̀rọ̀ á mọ ohun tí Hendrix ń wá kiri. Àwo kékeré náà kò kọjá ipò 18 lórí àtẹ àwọn orin tó ń tà jù níbẹ̀. Àwọn tó ń wá orin líle bíi ti tẹ́lẹ̀ ní ó ti kún jù, ó ti wúwo jù. Ẹ̀sùn tí wọ́n máa fi kan odidi àwo lẹ́yìn ọdún kan nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni All Along the Watchtower. Bob Dylan ló kọ ọ́, àwo tí Dylan fi gbé e jáde kò sì tíì pé oṣù kan lórí àtẹ nígbà tí Hendrix wọ Olympic Studios ní London ní ọjọ́ 21 oṣù Kìíní ọdún 1968 láti kọ ọ́ ní tirẹ̀. Dave Mason ta gìtá onígi olókùn 12. Brian Jones ti ẹgbẹ́ Rolling Stones wà níbẹ̀, òun náà fọwọ́ kan àwọn ohun èlò lílù. Wọ́n ń tún un kọ, wọ́n tún ń tún un kọ, títí inú fi bí Redding tó sì bá tirẹ̀ lọ sí ilé ọtí. Hendrix gbé báàsì, ó ta á fúnra rẹ̀. Tépù Olympic kò lè gba ju ohùn mẹ́rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ. Nígbà tó gbé iṣẹ́ náà dé New York, níbi tí tépù ti lè gba ohùn púpọ̀ sí i, ó tún ń lé gìtá lé gìtá. Tí ìwọ tó ń kà yìí bá fetí sí ààrin orin yẹn, wàá gbọ́ gìtá mẹ́rin tí ìrísí wọn kò jọra, tí ọ̀kan ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èkejì. Dylan fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn ikú Hendrix pé bí Hendrix ṣe kọ ọ́ lòun náà wá ń kọ ọ́. Títí di òní, bí ìjà àwo yìí bá ti le tó, orin yìí ni tọ̀tún-tòsì jọ ń forí balẹ̀ fún, ó sì yẹ kí àwọn tó ń gbè sẹ́yìn Chandler rántí pé àtúnkọ àtìgbàdégbà tí wọ́n ń bú ló bí i.

Ní New York, ilé tuntun kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ní ọdún 1968, Record Plant, tí Gary Kellgren jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó dá a sílẹ̀. Tépù ibẹ̀ ń gba ohùn 12. Eddie Kramer, ẹni tó ń darí ẹ̀rọ fún Hendrix ní London, wá bá wọn níbẹ̀. Láti oṣù Kẹrin ni Hendrix ti fi ibẹ̀ ṣe ilé. Àárọ̀ kọ́ ló ń wọlé o. Á kọ́kọ́ lọ sí ilé fàájì kan tí wọ́n ń pè ní The Scene, á bá ẹni tó bá wà lórí pèpéle ta gìtá, ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú dáadáa, á kó gbogbo wọn lẹ́yìn wá sí sítúdíò: olórin, ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́. Chandler jókòó nídìí gíláàsì, ó ń wo èrò tó kún yàrá, ó ń wo aago. Gypsy Eyes nìkan, wọ́n kọ ọ́ ju 40 ìgbà lọ. Redding kò rí ibi fẹsẹ̀ sí, ó sì sọ ọ́ fún Hendrix lójú pé àríyá lèyí, kì í ṣe iṣẹ́. Ní oṣù Karùn-ún, Chandler kó ẹrù rẹ̀, ó lọ. Láti ọjọ́ yẹn, Hendrix nìkan ló kù láti pinnu ìgbà tí orin kan ti parí. Nínú àwo mẹ́ta tí Experience ṣe ní sítúdíò, èyí nìkan ló wà lábẹ́ àṣẹ tirẹ̀.

Òru tó ṣe pàtàkì jù ni ti ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún. Hendrix kó nǹkan bí 20 èèyàn wá láti The Scene. Steve Winwood ti ẹgbẹ́ Traffic jókòó nídìí ọ́gánì, Jack Casady ti Jefferson Airplane gbé báàsì, Mitchell wà nídìí ìlù. Redding ti bínú jáde. Ohun tí wọ́n ṣe lóru yẹn ni Voodoo Chile, ìṣẹ́jú 15 gbáko, blúùsì Muddy Waters láti Mississippi ni gbòǹgbò rẹ̀. Ẹni tó ń kọrin ní lóru tí wọ́n bí òun, òṣùpá pọ́n bí iná. Ọ̀nà tí àwọn baba blúùsì gbà ń yin ara wọn nìyẹn, wọ́n á ní agbára àdììtú wà lọ́wọ́ àwọn, agbára tí ẹ̀ka rẹ̀ kan ti ọ̀dọ̀ àwọn olùsìn vodun ní Dàhòmì, aládùúgbò wa, gba orí omi lọ sí Haiti àti Louisiana. Mo gbà pé ohun tó mú Voodoo Chile dùn ni pé kò kánjú. Gìtá á sọ̀rọ̀, ọ́gánì Winwood á dáhùn, wọ́n á jọ gòkè, wọ́n á jọ sọ̀ kalẹ̀, Mitchell á sì máa fa ìlù yí wọn ká. Ẹni tó bá ní kí wọ́n gé e sí ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ló fẹ́ yọ níbẹ̀?

Àmọ́ ní ọjọ́ kejì gan-an, àwọn ayàwòrán tẹlifíṣọ̀n wá sí Record Plant láti ya ẹgbẹ́ náà níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Redding padà wá. Hendrix ní kí wọ́n mú nǹkan kan ta, wọ́n sì mú orin òru àná, wọ́n sáré sí i, wọ́n gbé e le. Ibẹ̀ ni Voodoo Child (Slight Return) ti jáde, ìṣẹ́jú márùn-ún ó lé díẹ̀, pẹ̀lú wah-wah tí gbogbo ọmọdé onígìtá lágbàáyé ti gbìyànjú rẹ̀ rí. Láàárín ọjọ́ méjì péré, ẹnì kan náà ti fi ìtàn kan náà ṣe oríṣi orin tí Chandler ń fẹ́ àti oríṣi tí Chandler ò lè fara dà. Hendrix fi èyí tó gùn parí ojú kìíní, ó fi èyí tó kúrú parí ojú kẹrin.

Ojú kẹta ni wọ́n ti ń jà jù. Rainy Day, Dream Away ló ṣí i, pẹ̀lú Buddy Miles nídìí ìlù, lẹ́yìn náà ni 1983… (A Merman I Should Turn to Be), tó lé ní ìṣẹ́jú 13. Ìtàn inú rẹ̀ ni ti ọkùnrin kan àti olólùfẹ́ rẹ̀ tí ogun ti ba ayé jẹ́ mọ́ lójú, tí wọ́n wá pinnu láti rì sínú òkun lọ máa gbé. Chris Wood fọn fèrè sí i. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀, gìtá, báàsì àti ìlù bẹ̀rẹ̀ sí í fò nínú omi. Wọ́n yí tépù padà sẹ́yìn, wọ́n dín eré rẹ̀ kù, ohùn ń rìn láti etí òsì sí etí ọ̀tún. Ẹni tó bá fi agbọ́rọ̀sọ kan ṣoṣo gbọ́ ọ kò tíì gbọ́ ọ rárá, mo sì fura pé ìdí kan nìyẹn tí àwọn kan fi ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Ọdún tí wọ́n ṣe é náà wà nínú rẹ̀. Ogun Vietnam ń jà. Wọ́n pa Martin Luther King ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 1968, àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà ń jóná. House Burning Down, ní ojú kẹrin, iná yẹn gan-an ló ń sọ: Hendrix ń bẹ àwọn èèyàn rẹ̀ pé kí wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ dípò kí wọ́n máa dáná sun ilé.

Àwo náà jáde ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá ọdún 1968. Ní oṣù Kọkànlá, ó gun ipò kìíní níbẹ̀, èyí tí àwo Hendrix kankan kò ṣe rí. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó dé ipò 6. Lámèyítọ́ inú ìwé ìròyìn kò ṣọ̀kan: àwọn kan yìn ín, àwọn kan ní ó dàrú. Ariwo mìíràn tún bo ti orin mọ́lẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, torí ilé iṣẹ́ tó gbé e jáde níbẹ̀ fi àwòrán àwọn obìnrin 19 tó wà ní ìhòòhò ṣe èèpo rẹ̀. Àwọn ilé ìtajà kan kọ̀ láti pàtẹ rẹ̀. Hendrix kò fẹ́ irú ẹ̀ rárá. Ó ti kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà pé kí wọ́n lo fọ́tò tí Linda Eastman ya, níbi tí òun àti ẹgbẹ́ òun ti jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọdé nídìí ère kan ní Central Park. Wọn kò dá a lóhùn. Ọdún 2018, nígbà tí àwo náà pé 50 ọdún, ni fọ́tò yẹn tó wá di èèpo rẹ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí. Nígbà yẹn, àwọn èèyàn ń to àwo lé ara wọn lórí giramafóònù kí èkejì lè já bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ bí èkíní bá parí. Torí ẹ̀, wọ́n tẹ ojú kìíní àti ojú kẹrin sára àwo kan, ojú kejì àti ojú kẹta sára èkejì. Nígbà tí CD dé, wọ́n kó o bẹ́ẹ̀ sínú àwọn kan tó kọ́kọ́ jáde. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ojú kẹrin ni wọ́n mọ̀ tẹ̀ lé ojú kìíní, tí wọ́n gbọ́ Voodoo Child (Slight Return) tán kí wọ́n tó kan ààrin ìrìn àjò. Mi ò lè dá irú wọn lẹ́bi tí wọ́n bá ní àwo náà kò tò.

Ìró rẹ̀ dé Èkó náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 sí 1979, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta, Berkley Jones, Laolu Akins àti Mike Odumosu, dá ẹgbẹ́ BLO sílẹ̀, gìtá, ìlù àti báàsì péré, wọ́n sì gbé Chapter One jáde ní 1973. Gbọ́ gìtá Berkley Jones níbẹ̀, kí o wá sọ fún mi bóyá kò mọ ojú kẹta.

Owó tí Record Plant gbà lọ́wọ́ Hendrix pọ̀ débi pé òun àti máníjà rẹ̀ Michael Jeffery pinnu láti kọ́ sítúdíò tiwọn. Wọ́n ti ra ilé fàájì kan ní West 8th Street. Wọ́n yí i padà sí Electric Lady Studios, wọ́n sì ṣí i ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 1970. Hendrix kú ní London ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án, ẹni ọdún 27. Ní oṣù Kẹwàá, Voodoo Child (Slight Return) jáde bí àwo kékeré nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gun ipò kìíní ní oṣù Kọkànlá, ìgbà kan ṣoṣo tí àwo kékeré rẹ̀ dé bẹ̀ níbẹ̀. Sítúdíò náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Stevie Wonder lò ó ní 1972, D'Angelo àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà sì lò ó ní òpin ọdún 1990 sí 1999, tí wọ́n ń wọlé lálẹ́, tí wọ́n ń ta ohun èlò títí ilẹ̀ fi ń mọ́, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka wákàtí mọ́ wọn lọ́wọ́.