Igun inú orí ọfà: mẹ́ta ló ń pinnu ìkẹrin

Àwọn wẹ́dà Mushin àti àwọn tó ń ṣe sáìnbọ́ọ̀dù ní Ṣómólú mọ orí ọfà yìí dáadáa, èyí tí wọ́n máa ń gé mọ́ sáìnbọ́ọ̀dù hótẹ́ẹ̀lì kó lè tọ́ka ọ̀nà, tí ẹnu ẹ̀ ṣe ṣóńṣó, tí apá ẹ̀ méjèèjì ṣí sẹ́yìn, tí ìdí ẹ̀ wá jẹ wọnú. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin ló ní, igun mẹ́rin, torí náà tẹ́ ẹ bá kó gbogbo igun inú ẹ̀ pọ̀, 360 dígírì náà ni, bíi ti fírémù wíńdò. Ìyẹn ò le.

Ìdí tó jẹ wọnú yẹn ni wàhálà wà. Igun inú ibẹ̀ ju 180 lọ, àwọn ọmọ tó ń múra WAEC á gbé protractor tí wọ́n fi ń wọ̀n igun síbẹ̀, ìta ni wọ́n máa wọ̀n, wọ́n á fi kún mẹ́ta tó kù, kò ní pé 360, ni wọ́n á bá ní ìbéèrè ọ̀hún ló ní àṣìṣe. Ìbéèrè ò ṣe nǹkan kan o. Igun ìta yẹn ò sí lára mẹ́rin tí wọ́n ń kà, òun fúnra ẹ̀ ni àròpọ̀ igun mẹ́ta tó kù. Ká ní ẹnu jẹ́ 50, apá kan 30, ìkejì 35: ìdí á jẹ́ 115 níta, 245 nínú.

Kí ló fà á? Ẹ fi rúlà fa ìlà láti ẹnu lọ sí ìdí, kó gba ibẹ̀ kọjá sẹ́yìn díẹ̀. Orí ọfà ti là sí onígun mẹ́ta méjì nìyẹn, ẹnu náà ti pín, ká ní 20 àti 30 (kò pọn dandan kó dọ́gba). Euclid ará Gíríìkì ti fi hàn tipẹ́ pé tẹ́ ẹ bá fa ẹ̀gbẹ́ onígun mẹ́ta kọjá, igun tó yọ síta yẹn máa ń bá àròpọ̀ méjì tó jìnnà sí i nínú dọ́gba. Torí náà onígun mẹ́ta kan fún wa ní 20 àti 30, ìyẹn 50, onígun mẹ́ta kejì fún wa ní 30 àti 35, ìyẹn 65, ẹ kó wọn pọ̀, 115 náà nìyẹn.

Wẹ́dà ò wá lè yan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bó ṣe wù ú, tó bá ti yan mẹ́ta, ìkẹrin ti yan ara ẹ̀. Mẹ́ta ọ̀hún ò sì gbọdọ̀ pé 180. Tó bá pé e gééré, ìdí á nà tọ́ọ́rọ́, onígun mẹ́ta lásán ló gé yẹn. Tó bá wá kọjá 180, ìdí á yọ síta, kì í ṣe ọfà mọ́, igun inú ibẹ̀ á kéré sí 180, protractor á sì wọ̀n ọ́n tààrà.