Kí ni ìrìnnà adínèéfínkù?

Ọ̀nà èyíkéyìí téèyàn lè gbà lọ síbi tó ń lọ, tí èéfín rẹ̀ á fi kéré sí ti ẹni tó dá wà nínú ọkọ̀ elépo, ni mò ń sọ: ẹsẹ̀, kẹ̀kẹ́, bọ́ọ̀sì akérò, ọkọ̀ oníná. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lé àwọn orúkọ burúkú tí wọ́n ń pè é kúrò lójú ọ̀nà. "Ìrìnnà aláwọ̀ ewé" ni wọ́n ń kọ káàkiri báyìí. Ewé wo? Bí mo bá fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kun ọkọ̀ akẹ́rù tó ń rú èéfín dúdú, ṣé orúkọ yẹn ti tọ́ sí i nìyẹn? Àwọn tó ń kọ "ìrìnnà mímọ́" gbìyànjú díẹ̀, àmọ́ ta ló máa gbọ́ "mímọ́" tí ọkàn rẹ̀ ò ní lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì? "Ìrìnnà àìléèéfín" ní tiẹ̀ dùn létí, irọ́ ló kàn ń pa. Ẹ fi ìka nu ríìmù ọkọ̀, ẹ ó rí eruku dúdú tó lẹ̀ mọ́ ọn. Bíréèkì tó ń jẹ díẹ̀díẹ̀ nìyẹn, táyà náà sì ń jẹ. Ọkọ̀ oníná ò bọ́ nínú rẹ̀. Níbi tó bá sì jẹ́ pé èédú ni wọ́n ń sun kí iná bátìrì rẹ̀ tó wá, èéfín kàn ṣí lọ rú níbòmíì ni.

"Ìrìnnà adínèéfínkù" lèmi ń kọ. Bí "amúnibínú" ṣe wá láti ara mú… bínú, bẹ́ẹ̀ lèyí wá láti ara dín… kù. Ó gùn, mo gbà. Ṣùgbọ́n ó sọ iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe, kò sì ṣèlérí ohun tí kò lè mú ṣẹ. Àwọn kan ní gáàsì kábọ́ọ̀nù (CO2, èyí tó ń mú kí ayé máa gbóná) kì í ṣe èéfín, torí pé ojú ò rí i. Ṣé kì í ṣe ẹnu sàlẹ́ńsà kan náà ló ń gbà jáde ni? Lítà epo bẹntiróò kan ò wọ̀n tó kílò kan, síbẹ̀ bó bá jó tán, gáàsì kábọ́ọ̀nù tó ń tú síta tó nǹkan bíi kílò 2.3, torí pé ó ń gba ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ẹni tó bá fẹ́ ya èyí sọ́tọ̀ kúrò lára èéfín lè máa yà á. N ò ráyè ìyẹn.

Àwọn tó ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ń pe gbogbo rẹ̀ ní "ìrìnnà oníná". Ọ̀rọ̀ yẹn lé ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ jáde, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni èéfín wọn kéré jù. Ó tún sọ nǹkan náà di ọ̀rọ̀ ẹni tó lówó ọkọ̀ tuntun.

Ohun tó wà níbẹ̀ gan-an rèé. Ẹni tó dá wà nínú ọkọ̀ elépo dà bí ẹni tó gbé ìkòkò àsè kaná láti fi se ẹyin kan ṣoṣo. Igi ń jó, ìkòkò ń gbóná, omi ń hó, afẹ́fẹ́ àyíká ń gbóná. Kín ló kan ẹyin? Nínú agbára tó wà nínú epo bẹntiróò, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń yí táyà, ìyókù bá ooru lọ. Èyí tó yí táyà náà, irin tó ju kílò 1,000 ló ń wọ́, kí èèyàn kílò 70 ṣáà lè débi tó ń lọ. Ẹ lè má se ẹyin tí ò pọn dandan. Ẹ lè gbé ìkòkò kékeré, bíi kẹ̀kẹ́, tàbí kí ẹ kó ogójì ẹyin sínú ńlá yẹn, bíi bọ́ọ̀sì. Ẹ sì lè pààrọ̀ iná ìdí rẹ̀, ìyẹn ọkọ̀ oníná. Ìpààrọ̀ iná nìkan ni àwọn tó ń pè é ní "ìrìnnà oníná" ń rí.

Nígbà tí TransMilenio, ètò bọ́ọ̀sì ìlú Bogotá ní Kòlóńbíà, bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kejìlá ọdún 2000, dísẹ̀ẹ̀lì ni àwọn bọ́ọ̀sì rẹ̀ ń jó. Ojú ọ̀nà tiwọn ni wọ́n ń gbà, wọ́n sì ń kó èrò rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó di 2006, wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ètò Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé fún iṣẹ́ tó ń dín gáàsì kábọ́ọ̀nù kù. Kí làwọn oní-"ìrìnnà oníná" fẹ́ pe ìyẹn? Ìlú Shenzhen ní Ṣáínà ní tiẹ̀ kó èrò pọ̀ sínú bọ́ọ̀sì, ó sì tún pààrọ̀ iná: nígbà tí 2017 fi máa parí, gbogbo bọ́ọ̀sì ìlú náà, tó lé ní 16,000, ti di oníná. Adínèéfínkù ni ti Bogotá, adínèéfínkù ni ti Shenzhen, adínèéfínkù sì lẹni tó fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́.