Afúnnu ni tannin, kì í ṣe ìkorò

Bí ojú ọjọ́ bá ti móoru ní Lọ́ńdọ̀nù, tí àwọn ènìyàn wa gbé ààrò èédú jáde sí ẹ̀yìnkùlé láti yan ẹran, ọ̀rọ̀ wáìnì kì í pẹ́ wọlé, ọ̀rọ̀ "ìkorò wáìnì" a sì tẹ̀lé e. Mo ti kà á lọ́wọ́ àwọn tí ń kọ̀wé nípa oúnjẹ ní èdè wa, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ń gbé ìgò káàkiri níbi àpèjẹ, n kò sì tíì rí ẹnì kan nínú wọn tí ó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ohun tí òun ń sọ korò ní tòótọ́. Tannin ni wọ́n ń wá orúkọ fún, èròjà inú awọ èso àjàrà àti inú kóró rẹ̀, tí ó máa ń mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ súnkì, kí ahọ́n sì gbẹ táútáú lẹ́yìn tí a bá ti gbé wáìnì pupa mì. Afúnnu ni èmi ń pè é.

Ewúro tí a kò fọ̀ dáadáa korò, orógbó korò, dongoyárò korò ju àwọn méjèèjì lọ. Ọsàn wẹ́wẹ́ kan, omi ògì tí ó ti lo ọjọ́ mẹ́ta náà kan. Gbogbo ìwọ̀nyí, ahọ́n ni ó ń tọ́ wọn wò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti bu gúáfà tí kò tíì pọ́n jẹ rí, tàbí tí ó fi ìkánjú bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ó ṣì le, mọ̀ pé ohun kan wà tí kì í ṣe kíkorò, tí kì í sì í ṣe kíkan, tí ó máa ń fa gbogbo ẹnu jọ láti ètè dé ẹ̀yìn eyín. A kì í tọ́ ọ wò. Ara ẹnu ni ó ń mọ̀ ọ́n, gẹ́gẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́ ṣe ń mọ̀ pé ògiri kò dán. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí ìyá ìyá mi bá ya awẹ́ obì àbàtà kan fún mi, a máa sọ pé, "Rọra jẹ ẹ́ o, yóò fún ọ lẹ́nu." Ìyá náà kò fi ètè kan wáìnì rí títí ó fi jáde láyé, síbẹ̀ ó ti ní ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ ọtí òde òní ń wá kiri. Ohun tí mo ṣe kò ju pé mo sọ ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀ di ọ̀rọ̀ orúkọ lọ.

Àwọn orúkọ tí wọ́n ń bá a du ipò kò sì ṣe é fi sílẹ̀ láìdáhùn. Èyí tí ó burú jù lọ ni "oró wáìnì". Ejò ló ní oró, àkekèé ló ní oró. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ sí ara ìgò ti ba ọjà ọlọ́jà jẹ́. Ẹlòmíràn mú "oje aláwọ" wá, mo sì gbọ́dọ̀ sọ pé ẹni yẹn ṣe iṣẹ́, nítorí pé ó tọ ọ̀rọ̀ náà dé orísun. Tan ni àwọn Faransé ń pe èèpo igi óákù tí àwọn aláwọ máa ń lọ̀ kúnná, tí wọ́n máa ń rẹ awọ ẹran sínú omi rẹ̀ kí ó má bàa jẹrà, láti ibẹ̀ sì ni tannin ti jáde. Irú iṣẹ́ tí Símónì ará Jọ́pà, tí Pétérù dé sí ilé rẹ̀, ń ṣe nìyẹn. Irú rẹ̀ náà sì ni wọ́n ń ṣe ní Kánò, níbi tí wọ́n ti ń fi èso igi bagaruwa ṣe awọ ewúrẹ́, awọ tí àwọn oníṣòwò máa ń gbé la aṣálẹ̀ kọjá, tí àwọn ará Yúróòpù sì ń rà gẹ́gẹ́ bí awọ Mòrókò nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa ni ó ti wá. Ìtàn náà dára, n kò sì ní jiyàn. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn jókòó ti tábìlì, kí ó gbé gíláàsì sókè, kí ó wá sọ fún àlejò rẹ̀ pé oje aláwọ inú èyí pọ̀ díẹ̀? Ẹni tí ó bá ti kọjá lẹ́bàá kòtò aláwọ rí mọ òórùn tí ọ̀rọ̀ yẹn yóò gbé wá sí imú.

Ti "táníìnì" kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mí. Èmi náà ń pe wáìnì ní wáìnì, n kò dìde láti wá orúkọ mìíràn fún un, nítorí pé òun àti orúkọ rẹ̀ jọ dé ni. Ṣùgbọ́n ohun tí tannin ń ṣe ní ẹnu ti wà nínú obì kí ìgò wáìnì àkọ́kọ́ tó gúnlẹ̀ sí etíkun wa, a sì ti ń pè é ní nǹkan. Kí ni a wá ń yá ọ̀rọ̀ sí?

Àtakò kan ṣoṣo tí ó mú mi ronú ni ti ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ olùkọ́ èdè, tí ó ní "fún" ti fífúnni ní nǹkan ni àwọn ọmọdé yóò gbọ́, pé "ó fún mi lẹ́nu" yóò dà bíi pé wáìnì ta ẹnu lọ́rẹ. Mo bi í bóyá, bí ẹnì kan bá sáré wọlé tí ó ní wọ́n fún òun lọ́rùn, yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ọrùn mélòó ni wọ́n fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò tíì gbà. A ń fún aṣọ, a ń fún ọsàn, bàtà tí kò gbani máa ń fúnni lẹ́sẹ̀, kò sì sí ẹni tí í bèèrè ẹ̀bùn níbẹ̀.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Itọ́ ẹnu wa ní purotéènì tí ó mú kí ó máa yọ̀ bí omi ilá, òun ni kì í jẹ́ kí ahọ́n ha ẹ̀rẹ̀kẹ́. Afúnnu kò lè rí purotéènì kí ó má dì mọ́ ọn. Ẹ fi í wé àwọn agbèrò inú gáréèjì. Bí ẹ bá dá nìkan wọ ibẹ̀ ní ọ̀sán tí èrò kò sí, ara yín ni gbogbo wọn yóò rọ́ bò: èyí fa àpò, èyí fa apá aṣọ, èyí ti gbé ẹrù yín lọ sí ọkọ̀ tí ẹ kò bá a dá nǹkan pọ̀, kí ẹ tó mọ̀, aṣọ ọrùn yín ti súnkì. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ńlá kan bá já ogójì èrò sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn, wọn yóò tú ká síbẹ̀, ẹ̀yin yóò sì na aṣọ yín, ẹ óò máa lọ. Ẹran ni ọkọ̀ ńlá náà. Omi ara ẹran yíyan kún fún purotéènì, ọ̀rá rẹ̀ sì ń bo ahọ́n, nítorí náà afúnnu rí iṣẹ́ mìíràn ṣe, itọ́ wa sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mílíìkì tí a ń bù sí tíì dúdú tí ewé rẹ̀ ti pẹ́ jù nínú omi gbígbóná ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Afúnnu tí ó wá láti ara awọ àjàrà àti èyí tí ó wá láti ara igi àgbá tí wọ́n ń rọ wáìnì sí, ẹ jẹ́ kí àwọn tí ń pọn ọtí jà sí i. Ní ìdí ààrò, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ìdí rèé tí wáìnì pupa àti ẹran yíyan fi bára mu lọ́dọ̀ àwọn ará Ajẹntínà. Àjàrà Malbec tí ó ti ilẹ̀ Faransé dé Mendoza ní ilẹ̀ wọn ní 1853 ń so wáìnì tí afúnnu rẹ̀ kò kéré, ẹran màlúù tí wọ́n sì ń yan lórí ẹyín iná fún wákàtí gbọọrọ, iyọ̀ nìkan ni wọ́n sábà máa ń fi sí i. Ní Úrúgúè tí ó múlé gbè wọ́n, Tannat ni wọ́n ń mu, àjàrà tí orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ń kéde ohun tí ó ní nínú. (Mo ní "yan", n kò ní "sun": iṣu àti àgbàdo ni à ń sun. Ẹran tí a tẹ́ sórí wáyà, yíyan ni, ẹni tí kò bá gbà kí ó lọ bi oníṣúyà.)

Tiwa yàtọ̀, nítorí ata. Ní oṣù Keje ọdún tó kọjá, mo yan ẹran ìhà màlúù, mo fi yàjì kùn ún bí ẹni kun àtíkè, mo sì ṣí ìgò Cabernet Sauvignon mẹ́ta, wáìnì pupa tí afúnnu rẹ̀ pọ̀, tí mo ti fọ́nnu nípa wọn láti ọjọ́ Ajé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mu ẹnu kan, ó gbé gíláàsì sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ fẹ́ ẹnu. "Àbúrò mi, kí lo pò mọ́ ọtí yìí?" N kò po nǹkan kan mọ́ ọn. Ata ti bó ahọ́n rẹ̀, ọtí tí agbára rẹ̀ lé ní ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún ń dá iná mọ́ ọn, afúnnu sì tún fún ojú egbò náà. Bíà ni ó mu títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ọjọ́ náà, bí yàjì bá ti wà níbẹ̀, Riesling, wáìnì funfun ti àfonífojì Mosel ní Jámánì, ni mo máa ń rà, èyí tí wọ́n kọ Kabinett sí lára, tí ó dùn díẹ̀, tí agbára ọtí rẹ̀ sì sábà máa ń wà ní ìdá 8 tàbí 9. Kò ní afúnnu tí ó tó nǹkan, nítorí pé oje àjàrà nìkan ni wọ́n fi ń pọn wáìnì funfun, wọ́n ti fún un kúrò lára awọ kí ó tó wọ àgbá. Ẹni tí ó bá ta kú pé pupa ni òun fẹ́, kí ó ra Beaujolais. Àjàrà Gamay tí wọ́n fi ń ṣe é kò ní afúnnu púpọ̀, a sì lè gbé e sínú fíríìjì fún ìdajì wákàtí kí a tó ṣí i. Ẹja yíyan kò bá wáìnì pupa líle lò rárá.

Ẹ má ṣe gbé Cabernet tàbí Tannat sínú fíríìjì bẹ́ẹ̀. Bí wáìnì bá tutù jù, afúnnu rẹ̀ á túbọ̀ le lẹ́nu. Ìwọ̀n ooru 16 sí 18 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ni ó yẹ kí irú wọn wà bí a bá fẹ́ mu wọ́n. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tí mo ń rí jù ní ilé ìdáná wa kọ́ nìyí. Àwọn tí wọ́n kọ́ ilé wọ̀nyí kan pákó ìgbáǹkanlé kékeré kan sí òkè ààrò gáàsì, ó sì gba ìgò mẹ́fà géérégé, nítorí náà ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń tò wáìnì sí, kí èéfín ọbẹ̀ àti ooru díndín dòdò máa sè é lójoojúmọ́. Orí fíríìjì kò sàn jù ú lọ, nítorí ẹ̀yìn fíríìjì ń gbóná. Abẹ́ àtẹ̀gùn ni mo gbé tèmi sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ìrẹsì, níbi tí ó dúdú tí ó sì tutù, mo sì fi bébà lẹ ọrùn ìgò kọ̀ọ̀kan: "afúnnu púpọ̀", "afúnnu díẹ̀".