NGLOS tó wà lára ìwé ẹrù kì í ṣe kóòdù bàálù

Wọ́n fi ìwé ẹrù ojú omi ránṣẹ́ sí ẹnìkan lórí WhatsApp, ó rí NGLOS, kóòdù tó dúró fún Èkó, níbi tí wọ́n kọ ibi tí kọ̀ntéńà máa sọ̀ sí, ó sì figbe ta: "LOS kẹ̀? Ṣebí ti pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà nìyẹn!" Mo mọ ohun tó fà á. LOS náà ló wà lára tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tó ń bọ̀ l'Ékòó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Kútọnu: COO lórí tíkẹ́ẹ̀tì, BJCOO lórí ìwé ẹrù. Bí wọ́n ṣe jọra wọn yìí ló ń ṣì wá lọ́nà.

Ẹ wá wo Birmingham. Ọ̀kan wà ní Ìlú Ọba, níbi tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí. Òmíràn wà ní Alabama, l'Amẹ́ríkà. Lọ́dọ̀ àwọn oníbàálù, ti Alabama ni BHM, BHX ni ti Ìlú Ọba. Nínú ìwé ẹrù, GBBHM ni ti Ìlú Ọba, USBHM ni ti Alabama. Ẹni tó bá gé lẹ́tà méjì iwájú dànù, tó fi BHM lásán ránṣẹ́ sí ẹni tó ń fi bàálù kẹ́rù, Alabama ló júwe fún un o.

Ẹgbẹ́ àwọn oníbàálù, IATA, ló ni kóòdù orí tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kan ní Geneva ló ni ti ìwé ẹrù, UN/LOCODE lorúkọ rẹ̀. Lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ dúró fún orílẹ̀-èdè, mẹ́ta tó kù fún ibẹ̀ gan-an. Nǹkan bí 8,000 ibi ló wà nínú rẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1981. Ó ti ju 100,000 lọ báyìí. Èbúté, ibùdókọ̀ ojú irin, ẹnu bodè, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Àpápá kò ní pápákọ̀ òfurufú kankan, síbẹ̀ ó ní NGAPP tirẹ̀; Tin Can, èbúté Èkó mìíràn, náà ní NGTIN.

Nítorí náà, Èkó lápapọ̀ ni NGLOS ń tọ́ka sí. Kò sọ bóyá ọkọ̀ ojú omi tàbí bàálù ló gbé ẹrù, kò sì sọ èbúté tí kọ̀ntéńà wà. Kẹ́ ẹ tó sanwó fún onítírélà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ajẹ́ńtì yín bóyá Àpápá ni tàbí Tin Can, kẹ́ ẹ sì ní kó fi ìwé tí àwọn ọlọ́kọ̀ fi kéde pé ẹrù ti gúnlẹ̀ hàn yín.