Fáíbà gbé data dé, ẹ̀rọ ò dáhùn: ibo la ó ti wá ẹ̀bi?

Ẹ̀rọ tó ń fa omi wà létí odò Asà ní Ilọrin, ọ́fíìsì tó ń ṣọ́ ọ wà ní Tanke. Bí ọ̀nà wáyà bá gùn tó kìlómítà 8, ṣé RS-485, ìlànà tí ẹ̀rọ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà bàbà, ò lè dá data gbé débẹ̀ ni?

Kò lè gbé e. RS-232, irú ìlànà wáyà mìíràn, kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá mítà 15. RS-485 ń dé nǹkan bíi mítà 1,200, ìyẹn náà bí data bá ń rọra lọ. Ti ààrá tún wà níbẹ̀: bí òjò Ilọrin bá ti bẹ̀rẹ̀, wáyà bàbà gígùn lè gbé iná ààrá wọnú ẹ̀rọ, kó sì jó o. Gíláàsì ni fáíbà, ìmọ́lẹ̀ ló fi ń gbé data, iná kì í gba inú rẹ̀. Àmọ́ bí kébù yín bá ní irin aláàbò, ẹ gé irin náà síta kó má wọlé, kí ẹ sì so ó mọ́ wáyà tó wọlẹ̀.

Kí la máa rà?

Kọ́ńfátà méjì, ọ̀kan ní ìkángun kọ̀ọ̀kan, tó ń sọ data RS-485 di ìmọ́lẹ̀ inú fáíbà, tó sì ń sọ ọ́ padà. Kó jẹ́ irú single-mode (ti fáíbà tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ jìnnà) tó ń lo ìmọ́lẹ̀ 1310 nm. TX (ojú ìfiránṣẹ́) tibí ló ń lọ sí RX (ojú ìgbàwọlé) tọ̀hún. Ẹ ṣírò òfò ìmọ́lẹ̀ kí ẹ tó sanwó: 0.35 dB (dB ni a fi ń díwọ̀n òfò) lórí kìlómítà kan, ó di 2.8, ojú ìsopọ̀ 4 ní 0.1, ó di 0.4, kọnẹ́kítọ̀ 2 ní 0.5, ó di 1. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 4.2 dB. Ẹ fi 3 kún un nítorí àtúnṣe. Kọ́ńfátà tó ń fi −10 dBm (ìwọ̀n agbára ìmọ́lẹ̀) ránṣẹ́, tó sì ń gbọ́ títí dé −30, ní 20 dB lọ́wọ́, ó tó dáadáa.

Ìmọ́lẹ̀ dé, síbẹ̀ ẹ̀rọ ò dáhùn. Ṣé jíjìn ló fà á?

Ó ṣòro kó jẹ́ jíjìn. Nǹkan bíi máíkírósẹ́kọ́ńdì 5 ni ìmọ́lẹ̀ ń lò lórí kìlómítà kan. Àlọ àti àbọ̀ yín ò ju 80 lọ. Ní baud (ìyára data) 9600, lẹ́tà kan ṣoṣo ń gbà ju 1,000 lọ.

Baud ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Wáyà méjì kan náà ni RS-485 fi ń sọ̀rọ̀ tó tún fi ń gbọ́, torí náà kọ́ńfátà gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó yẹ kó tú wáyà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń fi baud tí ẹ yàn lórí swíìṣì kéékèèké ara wọn díwọ̀n èyí. Bí ẹ̀rọ bá wà ní 19200, tí kọ́ńfátà wà ní 9600, á di wáyà mú pẹ́ jù, ìbẹ̀rẹ̀ ìdáhùn á bàjẹ́. Bí ẹ bá yàn án ga jù, á tú u sílẹ̀ kí lẹ́tà tó parí.

Bí baud bá bára mu, ẹ pààrọ̀ A àti B, ìyẹn wáyà méjì RS-485. Ibi tí ilé iṣẹ́ kan ń kọ A sí ni òmíràn ń kọ B sí, pípààrọ̀ wọn ò sì ba nǹkan jẹ́. Ẹni tó ń lo RS-232 ní tirẹ̀, kó yẹ RTS (wáyà tí ẹ̀rọ fi ń béèrè àyè láti fi data ránṣẹ́) àti CTS (èyí tó fi ń gbọ́ pé àyè wà) wò: ọ̀pọ̀ kọ́ńfátà kì í gbé wọn, ẹ̀rọ tó ń retí CTS á sì máa dúró lásán.

Bí ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ bá kéré ńkọ́?

Mítà ìmọ́lẹ̀ yẹ kó ka nǹkan bíi −14 dBm ní ìkángun kejì. Bó bá ka −27, kọnẹ́kítọ̀ ti dọ̀tí ni, tàbí wọ́n tẹ fáíbà ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ fi ọtí ìsopropyl 99% àti aṣọ tí kì í bọ́ fọ́nrán nu kọnẹ́kítọ̀. Ẹ má yọjú wo ẹnu fáíbà láti mọ̀ bóyá ìmọ́lẹ̀ wà: ojú ò rí 1310 nm, ó sì lè pa ojú lára.