Fífa afẹ́fẹ́ kúrò nínú bíréèkì ATV

Fífa afẹ́fẹ́ kúrò nínú bíréèkì ni títi afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì tó ti gbó jáde láti inú páìpù bíréèkì. Lórí ATV, alùpùpù onítáyà mẹ́rin tí wọ́n fi ń rin oko, ẹrẹ̀ àti iyanrìn, onítọ̀hún lè ṣe é fúnra rẹ̀ nílé.

Ọ́ìlì ló ń gbé agbára ọwọ́ dé kálípà, ẹ̀yà tó ń fún páàdì mọ́ àwo irin ara táyà kí táyà lè dúró. Bó ti wù ká tẹ ọ́ìlì tó, kì í fún pọ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń fún pọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá há sínú páìpù, ọwọ́ bíréèkì á rọ̀ bíi tìmùtìmù, á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ibi ìdìmú kí táyà tó dúró. Omi náà léwu. DOT 3, DOT 4 àti DOT 5.1, tí wọ́n jẹ́ oríṣi ọ́ìlì bíréèkì, máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra. DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 230°C, ṣùgbọ́n bí omi bá ti wọ̀ ọ́, ó lè hó ní 155°C. DOT 5 oní-silicone yàtọ̀ pátápátá, a kì í pò ó mọ́ àwọn yòókù. Èyí tí ọkọ̀ ń lò sábà máa ń wà lórí ìdérí agolo ọ́ìlì.

Sípánà (8 mm ló pọ̀ jù), rọ́bà tó mọ́ gaara àti ìgò tó ní ọ́ìlì díẹ̀ nísàlẹ̀ ti tó. Wọ́n á ki rọ́bà bọ nọ́ọ̀tì onihò ara kálípà, ẹnu rẹ̀ kejì á rì sínú ọ́ìlì ìgò. Ẹnì kan á tẹ ọwọ́ bíréèkì, á dì í mú. Ẹnì kejì á tú nọ́ọ̀tì díẹ̀. Ọ́ìlì dúdú á ṣàn jáde, ìfóófò á máa sáré tẹ̀ lé e nínú rọ́bà. Kí wọ́n dé nọ́ọ̀tì kí ọwọ́ tó kúrò lórí bíréèkì: ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe, tí afẹ́fẹ́ tuntun fi ń wọlé. Agolo ọ́ìlì kò sì gbọdọ̀ gbẹ rárá. Wọ́n á máa tún un ṣe títí ọ́ìlì á fi mọ́ láìsí ìfóófò.

Ọ́ìlì yìí ń bó ọ̀dà ọkọ̀. Omi ni kí wọ́n fi ṣàn án kíá. Bó bá kan páàdì bíréèkì, páàdì náà bàjẹ́ nìyẹn.

Níkẹyìn, kí wọ́n tẹ ọwọ́ bíréèkì, kí wọ́n dì í mú. Bó bá dúró gbagidi, ó ti pé. Bó bá ń rọra wọlé, ọ́ìlì ń jò níbì kan tàbí rọ́bà inú sílíńdà, ibi tí ọwọ́ bíréèkì ti ń ti ọ́ìlì, ti jẹ, ọkọ̀ náà kò sì tíì ṣeé gùn.